Ońdè Inú Kámẹ́rà Ọlátẹ́jú

Lónìí, bí ìdílé kan ní Ilé-Ifẹ̀ bá ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n tó wá alásè ni wọ́n ti máa ń bi ara wọn pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún Ọlátẹ́jú?" Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tí í máa gbé kámẹ́rà onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ èjìká bí àgbẹ̀ tí ń gbé ọkọ́ lọ sóko. Àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín fẹ́ràn rẹ̀. Yóò bá wọn tún ìbòjú funfun wọn ṣe, yóò pa ọkọ tí ojú rẹ̀ le bíi ti olópàá lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tí ó bo kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n kí ó tó ya ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ aṣọ náà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ń tún kámẹ́rà ṣe ni. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ ohun tí ó ń ṣe.

Kì í ṣe ìyàwó ni ó ń yà tẹ́lẹ̀. Òkú ni.

Fi ara balẹ̀, ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, kí o gbọ́ bí onífótò òkú ṣe di onífótò ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1953, ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Sábó ni ṣọ́ọ̀bù Ọlátẹ́jú wà. Bí àgbàlagbà kan bá kú ní ìlú, tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n wọ̀ ọ́ ní agbádá, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí àwọn àna. Òun ló mọ bí a ti ń gbé irọ̀rí sẹ́yìn òkú kí ojú rẹ̀ lè kọ sí ìmọ́lẹ̀. Àwòrán wọn ni ó kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé síbẹ̀, òkú ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ó sì kọ ọ̀rọ̀ gàgàrà sára pátákó tí ó gbé síta: KÁMẸ́RÀ MI KÌ Í PARỌ́.

Ẹ̀rù òkú kò bà á, ó sì ní ìdí. Nígbà tí ó gba fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀, Bàbá Ògúnwálé, tí í ṣe olórí àwọn onífótò ìgbà náà, fún un ní ońdè kékeré kan tí ìyẹ̀fun dúdú wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá náà sọ fún un pé, "Ẹni tí ó bá ń tẹjú mọ́ òkú, òkú náà ń tẹjú mọ́ ọn. Èyí ni yóò máa dá ojú wọn padà." Ọlátẹ́jú sì fi òwú rán ońdè náà mọ́ inú ikùn kámẹ́rà, níbi awọ kíká tí í máa nà tí í sì máa súnkì láàrín dígí iwájú àti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ó wà láti ọdún dé ọdún.

Má rò pé ọmọ kèfèrí ni ọkùnrin yìí. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí i sí. Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ orin ìyìn kí ó tó mọ A, B, D. Ṣùgbọ́n ó ní àbúrò kan, Àṣàbí, tí ó fẹ́ràn bí ojú. Àìsàn dé sí ọmọ náà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbààwẹ̀, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Àṣàbí kú. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo inú ilé náà títí, ó ní, "Ìwọ àti èmi, ó parí." Ó búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà náà mọ́ láéláé.

Ó sì mú ìbúra náà ṣẹ. Bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bá fẹ́ ya fótò, abẹ́ igi ọ̀dán tí ó wà níta ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ sí, wọn yóò sì tò jáde wá bá a. Bí wọ́n bá ní kí ó wọlé, yóò fèsì pé, "Bí Ọlọ́run yín bá fẹ́ rí mi, ẹ ní kí ó jáde wá bá mi níta."

Ọlọ́run sì gbọ́.

Ọlátẹ́jú ní ọ̀rẹ́ kan, Adéagbo, káfíńtà tí ó ń bá a ṣe férémù àwòrán. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ, pátákó ìkọ̀wé kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Adéagbo kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù láìdárúkọ Olúwa rẹ̀.

Ọlátẹ́jú á ní, "O tún ti kó Jésù rẹ dé."

"Férémù ni mo kó dé. Jésù ti wà níbí kí n tó wọlé."

"Ó dára. Sọ fún un kí ó sún díẹ̀, ó ń dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Adéagbo kì í bínú. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò gbé férémù rẹ̀ kalẹ̀, yóò sì máa gbàdúrà fún un lọ sílé.

Ní ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ kámẹ́rà yẹ̀, Adéagbo sì wá bá a kàn án. Ibi tí ó ti ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún ni ó ti rí ońdè náà nínú.

"Tẹ́jú, kí ni èyí?"

"Ẹ̀ṣọ́ mi ni."

"Ẹ̀ṣọ́ tí a fi òwú rán? Bí eku bá wá jẹ òwú rẹ̀ ńkọ́?"

"Eku tí ó bá dán an wò, kíkú ni yóò kú."

"Ìwọ náà á sì wá ya fótò òkú rẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Adéagbo kò fi mọ sórí ẹ̀rín. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, yọ ọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń pariwo pé ekuru ni ọ̀tá fótò. Báwo lo ṣe wá rán ekuru mọ́ ikùn kámẹ́rà rẹ? Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò lọ́kàn rẹ pẹ̀lú."

"Kan ẹsẹ̀ kámẹ́rà tí mo pè ọ́ sí," ni Ọlátẹ́jú fi dá a lóhùn.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún náà mú, tíṣà kan tí ń jẹ́ Oyèbánjí, ọmọ agboolé kan ní Òkèrèwè, fẹ́ gbé ọmọbìnrin kan níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dorcas ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ará Ìlódè ni. Onífótò tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn kò lè wá mọ́. Adéagbo ni ó dárúkọ Ọlátẹ́jú fún wọn. Inú Ọlátẹ́jú dùn, nítorí kò tíì ya ìgbéyàwó rí, ó sì fẹ́ kí ìlú mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ ààyè bí ó ti mọ òkú. Ohun kan ṣoṣo ni ó bá wọn dì: òun kò ní wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n so tọkọtaya pọ̀ tán, wọ́n jáde wá bá a lábẹ́ ọ̀dán. Dorcas wọ aṣọ funfun balau. Ojú rẹ̀ mọ́ bí àwo tánńganran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọlátẹ́jú na awọ kámẹ́rà, ó fún un pọ̀, ó tún un nà, ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ó délé, ó ku àwo dígí kan, irú èyí tí àwòrán máa ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, tí kò tíì lò. Ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, Mojíre, dúró níwájú ilé, ó sì yà á. Ó fi àwo yẹn pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí a kì í kánjú fọ fótò ọmọ ẹni nígbà tí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nílẹ̀.

Kí o tó gbọ́ èyí tí ó kù, ó yẹ kí o mọ ohun kan. Ní ọyẹ́ ọdún yẹn, àrùn tí àwọn àgbà kì í dárúkọ, èyí tí wọ́n ń pè ní olóde, ń ṣọṣẹ́ ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Òkèrèwè. Ó ti pa ọmọ. Ó ti sọ ojú arẹwà di ojú tí ó kún fún ihò. Bí ara ọmọ bá gbóná díẹ̀ báyìí, àyà gbogbo ilé á já.

Ọlátẹ́jú wọ yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó fọ àwọn àwo dígí náà, ó fi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tẹ àwòrán jáde lára wọn, ó sì sá wọn sórí okùn. Ó wò wọ́n, ó tún fà wọ́n súnmọ́ ojú fèrèsé. Àmì dúdú wínníwínní wà lójú Dorcas, lọ́rùn rẹ̀, lápá rẹ̀ méjèèjì. Nínú gbogbo wọn ni ó wà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó dúró sí nìkan. Oyèbánjí mọ́ tónítóní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ṣí kámẹ́rà. Òwú ońdè ti já. Nínà àti fífún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti jẹ awọ rẹ̀ ya, ìyẹ̀fun dúdú náà sì ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú kámẹ́rà, ó sì ń bọ́ sára àwo kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń yà á. Ẹ̀ṣọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni ó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, rántí pé ó mọ̀.

Kò tíì ro ohun tí òun yóò ṣe tán tí ìyá Oyèbánjí fi wọlé. Àníkẹ́ ni orúkọ obìnrin náà, kò sì jẹ́ dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Kò kí àwọn òkú ara ògiri, kò kí alààyè. Ibi okùn ni ó lọ tààrà.

"Onífótò, kí ni ó wà lójú ìyàwó mi?"

Ọlátẹ́jú na ọwọ́ láti ká àwọn àwòrán náà kúrò lórí okùn.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi nu ojú ọmọ yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Níbo ni èyí ti wá?"

Gbólóhùn kan péré ni ìbá sọ. Ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀rín ìlú lọ́kàn rẹ̀. Ó gbọ́ bí àwọn onífótò yòókù yóò ti máa wí pé, ońdè Ọlátẹ́jú ló ba fótò rẹ̀ jẹ́. Ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀. Ìgbéraga dì í lẹ́nu, ó sì tún ẹnu náà là fún un.

"Ẹ ka ohun tí mo kọ sára pátákó tó wà níta, mọ́mọ."

"N kò mọ̀wé. Kí ni ó wí?"

"Ó ní kámẹ́rà mi kì í parọ́."

Obìnrin náà wò ó títí. "Ohun tí ojú kò tíì rí ni ó rí yìí?"

"Èmi kò sọ ju ohun tí mo kọ lọ."

Ìyá Oyèbánjí fi ìborùn rẹ̀ wé àwòrán kan, ó gbé e lọ bí ẹni gbé ẹyin. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti ní kí Dorcas padà sí ilé baba rẹ̀ ní Ìlódè. Ó ní olóde ti fọwọ́ sí i lára, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì yọ sójú ni, ọmọ òun kò sì ní bá a kú. Oyèbánjí bẹ̀bẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kí ó yan èyí tí ó wù ú nínú ìyàwó àti ìyá. Àwọn aládùúgbò Dorcas bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má baà kọjá níwájú ilé wọn.

Adéagbo gbọ́, ó fi ìfági sílẹ̀ lórí igi, ó wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo ti Òkèrèwè bọ̀," ni ó wí. "Mo sọ fún ìyá yẹn pé ìyẹ̀fun ló wà nínú kámẹ́rà rẹ, pé mo fi ojú mi rí ońdè náà. Ó ní ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gbèjà ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹni tó ya fótò ti sọ tirẹ̀ fún òun. Tẹ́jú, ẹnu tìrẹ nìkan ló lè tú ohun tí ẹnu rẹ dì."

"Ṣé Ọlọ́run tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ so wọ́n pọ̀ kò lè gbèjà wọn ni?"

"Ó ń gbèjà wọn. Òun ló rán mi sí ọ."

"Padà lọ sọ fún un pé n kò sí nílé."

Ọ̀nà tí ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ń le nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe pé kò mọ òtítọ́. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì jókòó lé e lórí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kò sí, ọkàn Ọlátẹ́jú kò sì balẹ̀. Ó rántí àwo Mojíre. Ó ní kí òun fọ̀ ọ́, bóyá inú òun á dùn díẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì sá a. Àdùnní, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ wọlé fún un, ó sì rí i lórí okùn. Mojíre ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà, àmì dúdú wínníwínní sì bò ó lójú.

Àdùnní rọra gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀. Ó jáde. Ọlátẹ́jú gbọ́ bí ó ti ń pe ọmọ náà, tí ó sì ń tú aṣọ lára rẹ̀, tí ó ń wo ọrùn, tí ó ń wo ikùn, tí ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí ó padà wọlé, ó ti pọn ọmọ, ó ti di ẹrù lọ́wọ́ kan.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ìyá mi, kí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀ kí ó tó yọ síta."

"Kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ náà, Àdùnní. Ìyẹ̀fun ni. Ońdè inú kámẹ́rà ló tú."

Àdùnní dúró lójú kan. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Bàbá Mojíre?"

Kò lè parọ́ fún un. "Kí ìyá Oyèbánjí tó wọlé."

Obìnrin náà kò pariwo. Ó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e lé ilẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Fótò ọmọ tiyín ló ń parọ́. Ti ọmọ ọlọ́mọ ló ń sọ òtítọ́." Ó sì jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Nígbà láéláé, wòlíì kan sọ ìtàn àgùntàn kan fún ọba. Ọba bínú, ó dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tí ó jí àgùntàn náà, kò mọ̀ pé ara òun ni òun ń dá lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Àdùnní ṣe wọ ọkọ rẹ̀ lára. Oúnjẹ náà tutù síbẹ̀.

Ó lọ bá Adéagbo nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Kò jókòó.

"N óò lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má rò pé mo ti di ti Ọlọ́run rẹ o. Ojú Àdùnní ni n kò lè wò. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn."

Adéagbo gbọn èérún igi kúrò lára, ó wá fìlà rẹ̀. "Kò burú. Ọmọ kan wà tí ebi ló lé e padà sílé baba rẹ̀. Baba kò bi í pé kí ló gbé e wá."

Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n wọ agboolé Oyèbánjí. Ọlátẹ́jú gbé kámẹ́rà kalẹ̀ láàrín àgbàlá, ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó gbọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun dúdú dà sórí aṣọ funfun lójú gbogbo wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá Oyèbánjí, ó sọ ohun gbogbo. Ó sọ pé òun mọ̀ kí ó tó wọlé. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀ṣọ́ Ọlátẹ́jú rèé o, ó ti ń ṣọ́ aṣọ." Ọlátẹ́jú gbọ́. Kò gbé orí.

Ṣùgbọ́n ìyá náà kò yára gbà. "Níjọ́sí o ní kámẹ́rà rẹ kì í parọ́. Lónìí o ní ó parọ́. Èwo ni kí n gbà?"

"Ẹ jẹ́ kí n tún un yà, kámẹ́rà náà á ti mọ́. Bí àmì kan bá jáde lójú rẹ̀, ẹ fọ́ kámẹ́rà náà mọ́ mi lórí."

"Mo gbọ́," ni ìyá Oyèbánjí wí. "N óò sì gbé ọmọ odó wá."

Wọ́n lọ sí Ìlódè, wọ́n bá Dorcas. Ọmọbìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́jú. Nígbà tí Ọlátẹ́jú sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Mo dárí jì yín, bàbá. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró lábẹ́ ọ̀dán mọ́."

"Ibo lo fẹ́ kí a ti yà ọ́?"

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú pẹpẹ, níbi tí mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ mi."

"Mo ti búra pé n kò ní wọ ibẹ̀, ìyàwó."

"Èmi náà búra níbẹ̀. Ìbúra tèmi ni ọ̀rọ̀ yín fẹ́ bàjẹ́. Nínú méjèèjì, èwo ló yẹ kí ó yẹ̀?"

Ọlátẹ́jú gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá Ògúnwálé. Kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó àwọn onífótò lẹ́yìn, wọ́n wá ká Ọlátẹ́jú mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù Adéagbo, níbi tí àtè tí wọ́n fi ń lẹ igi ti ń hó lórí iná. Ońdè tí ó ya náà wà lọ́wọ́ Ọlátẹ́jú.

"Rán an padà síbi tí mo ní kí o rán an sí," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "O ti tú àṣírí wa, a ó fi orí jì ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé kámẹ́rà yẹn láìsí i, ọwọ́ ọ̀tún rẹ yóò gbẹ. Kò sì sí onífótò kan ní Ifẹ̀ tí yóò bá ọ ṣe mọ́."

Ọlátẹ́jú wo ọ̀gá rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún un, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ohun tí a ti gbẹ́kẹ̀ lé láti ìgbà èwe kì í yára sá kúrò lára ẹni.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi, n kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yìí náà ni mo fi kọ pátákó tí ó lé ọmọ ọlọ́mọ jáde nílé ọkọ. Bí ó bá gbẹ, ó jàre."

Ó sì ju ońdè náà sínú iná. Awọ náà ká, ó rú èéfín díẹ̀, ó parí. Adéagbo sì tún fi igi sí iná, nítorí àtè rẹ̀ kò tíì yọ́ tán.

Báyìí ni Ọlátẹ́jú gbé kámẹ́rà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Dorcas àti Oyèbánjí ti wà nínú. Ìyá Oyèbánjí dúró sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Aṣọ funfun ti padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó yá wọn, ìró àti bùbá ni Dorcas wọ̀. Ọlátẹ́jú dúró níbi tí ó dúró sí ní ọjọ́ tí wọ́n sin Àṣàbí. Adéagbo kò tì í, kò fà á. Ọlátẹ́jú gbé ẹsẹ̀, ó sì wọlé.

Ó to kámẹ́rà, ó ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí lè má mọ̀ pé lábẹ́ aṣọ náà, ohun gbogbo ni í máa dorí kodò lójú dígí. Pẹpẹ wà lókè, òrùlé wà nísàlẹ̀, ọkọ àti ìyàwó fi orí dúró. Ó ti ń rí i bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ní ọjọ́ náà, ó wo ilé Ọlọ́run tí ó dorí kodò, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé, kì í ṣe ilé náà ni ó dorí kodò. Ìwọ ni. Ìwọ lo pe ìyẹ̀fun ní ẹ̀ṣọ́, tí o pe irọ́ ní òtítọ́, tí o pe Ẹni tí ó bá ọ sọkún níbi ibojì Àṣàbí ní ọ̀tá.

Omijé dà lójú rẹ̀ nínú òkùnkùn náà. Ó ní, "Jésù, mo bínú sí ọ gidigidi. N kò sì mọ ìdí tí o fi mú ọmọ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n mo ti parọ́, mo ti gbéraga, mo ti fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ nìkan ló lè wẹ ohun tó wà nínú mi yìí. Mo dé. Gbà mí."

Ó pẹ́ níbẹ̀. Oyèbánjí yọ́ wo ìyàwó rẹ̀. Dorcas ní, "Bàbá onífótò, ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?"

"Rárá," ni ohùn kan dáhùn lábẹ́ aṣọ. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni."

Ó sì yà wọ́n.

Ìyá Oyèbánjí bá a dé yàrá òkùnkùn, ó ní ojú ara òun ni òun yóò fi rí i. Nígbà tí wọ́n ki bébà náà bọ inú omi tí a fi ń fọ fótò, ojú Dorcas rọra ń yọ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, iwájú orí, ẹyinjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mọ́. Kò sí àmì kan. Obìnrin náà tẹ̀ ba, ó wò ó, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ó jáde síbi tí Dorcas dúró sí, ó bá a gba àpò tí ó gbé dání.

"Ọmọ mi, wá kí á lọ sílé. Ọbẹ̀ ti tutù níbẹ̀ tipẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, Ọlátẹ́jú gbé pátákó KÁMẸ́RÀ MI KÌ Í PARỌ́ fún Adéagbo, ó ní kí ó fi ìfági fá ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí ó sì là á. Igi rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe férémù àwòrán Dorcas. Ó kó àwọn òkú ara ògiri fún ìdílé wọn, ó sì gbé ìyàwó kan ṣoṣo náà kọ́ síbẹ̀.

Èmi kò ní sọ fún ọ pé ó rọrùn. Àwọn onífótò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Àwọn olókùú kò pè é mọ́. Oṣù kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀bùn Adéagbo ni Mojíre ń jẹ. Ṣùgbọ́n kò padà. Bí àwọn aláròkà bá bi í léèrè ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, yóò nà án sí wọn, yóò ní kí wọ́n bọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin kan rí àwòrán Dorcas, ó ní irú èyí ni òun fẹ́. Òmíràn tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ fótò ìgbéyàwó Ọlátẹ́jú ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ náà nìyẹn, kò tíì gbẹ. Ohun tí ó sì ń ṣe lábẹ́ aṣọ dúdú kí ó tó ya ìyàwó kankan ni pé ó ń gbàdúrà fún un.

Ọlọ́run kò tíì sọ ìdí tí Àṣàbí fi kú fún un. Ó ṣì ń béèrè. Inú ilé ni ó ti ń béèrè báyìí.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Kí ni o rán mọ́ inú ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí? Ó lè jẹ́ ońdè gidi, awọ àti òwú, tí o há sórí àtẹ́rígbà rẹ. Ó lè jẹ́ ìgò ọtí. Ó lè jẹ́ gbólóhùn òtítọ́ kan tí o jókòó lé lórí, tí ọmọ ọlọ́mọ kan sì ń jìyà rẹ̀ níbi tí o kò rí i. Ó lè jẹ́ ìbínú tí o ti ń bá Ọlọ́run bọ̀ láti ọjọ́ tí o ti sin ẹnì kan. Òwú tí o fi rán an ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tí yóò já, kì yóò bá ọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín ìlú dá ọ dúró. Àwọn tí wọ́n fi Ọlátẹ́jú rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é sí ìgbéyàwó ọmọ wọn lónìí. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ gbígbẹ dẹ́rù bà ọ́. Ọwọ́ kan wà tí wọ́n ti kan ìṣó mọ́ nítorí rẹ, ọwọ́ náà lágbára ju gbogbo wọn lọ. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù, lọ tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe, kí o sì ju ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ sínú iná.

Má dúró de ọdún tuntun, má dúró de ọjọ́ ìsinmi. Bí o bá ní ẹjọ́ tí o fẹ́ bá Ọlọ́run rò, gbé e dání bọ̀, Ọlátẹ́jú gbé tirẹ̀ dání. O ní kí Ó jáde wá bá ọ níta. Ó ti jáde, òun ni ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ yìí. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí lẹ́yìn rẹ̀. Fi abẹ́ ọ̀dán sílẹ̀, kí o wọlé.